Oúnjẹ Ilé Chacha

Ẹni tó bá bi mí bóyá mo ti gbé ní Bangladẹ́ṣì rí, màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó má ṣáà bi mí léèrè ọkọ̀ òfuurufú tí mo wọ̀ dé ibẹ̀, torí mi ò wọ ọkọ̀ òfuurufú kankan. Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ láti Turin dé Brescia. Mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta ilé kan tó wà lẹ́yìn ibùdó metro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn, mo sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí mo bọ́ bàtà sí yẹn ni Ítálì parí sí.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Collegno, lẹ́bàá Turin, ti parí, wọ́n sì ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rọ irin ní Brescia ń wá èèyàn. Mo débẹ̀, iṣẹ́ wà, ilé ò sí. Bí mo bá pe onílé lórí fóònù, yàrá wà. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n rí àwọ̀ mi, yàrá ti lọ. Ọ̀kan tiẹ̀ lọ nígbà tí mo ṣì ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, torí bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, màá já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ni. Bẹ́ẹ̀, permesso mi, ìwé tó fún mi láyè láti máa gbé ìlú wọn, kò ní pẹ́ẹ́ parí, wọn kì í sì í sọ ọ́ dọ̀tun fún ẹni tí kò lè fi ilé tó ń gbé hàn. Ẹni tí kò nílé kò níwèé, ẹni tí kò níwèé kò níṣẹ́. Gbogbo ayé mi wá so mọ́ ibùsùn kan ṣoṣo.

Mọ́sálásí ni mo ti rí i. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, mò ń bi gbogbo ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín sí mi bóyá ó mọ yàrá kan. Bàbá kan tó fi làálì pa irùngbọ̀n rẹ̀ láró pupa gbọ́ mi, wọ́n ní ibùsùn kan ṣófo nílé àwọn. Ará Bangladẹ́ṣì ni wọ́n, ilé náà sì jẹ́ tiwọn, wọ́n ti fi owó ọ̀pọ̀ ọdún rà á. Chacha ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, bí ìgbà tí àwa bá pe àgbà kan ní àbúrò bàbá wa.

"Wá lo oṣù kan ná," ni wọ́n wí, "ká wo ìwà ara wa. Tó bá dáa, màá bá ẹ lọ sí Comune, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, màá sì fọwọ́ sí i pé ilé mi lò ń gbé."

Mo ní kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ ìwà ni, ẹ̀kọ́ ilé kún inú mi fọ́fọ́.

Ilé náà dùn ún gbé, mi ò ní purọ́. Bí àwọn ọkùnrin ará Bangladẹ́ṣì tí a jọ ń gbé ibẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á bọ́ ṣòkòtò, wọ́n á ró ìró mọ́ ìdí, ìró gidi, bí ìyá ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí n fi ẹ̀rín pa ara mi nínú yàrá. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, èmi náà ti ń ró o, torí kò sí ohun tó tu ara tó o lẹ́yìn iṣẹ́ irin. Wọ́n máa ń se tíì pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà títí á fi ki, wọ́n á sì máa mu ún gbóná-gbóná bí ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ́ irin. Bí wọ́n bá ń bá ìyàwó wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á pariwo débi pé o ò ní mọ ohun tí wọ́n fi fóònù ṣe, ohùn ọ̀hún á dé Éṣíà láìsí i. Wọ́n ní eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń fi pákó gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, títí dòní mi ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń mọ ẹni tó borí.

Àwọn nǹkan kan sì wà níbẹ̀ tó dà bíi tiwa gẹ́lẹ́. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí jẹun, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó ń wá ṣíbí kiri. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo bá búùtà tí omi kún inú rẹ̀, bí ẹni pé mo wà nílé wa ní Ìwó. Inú mi dùn débi pé ó kù díẹ̀ kí n kí búùtà náà.

Ohun kan ṣoṣo ló dá wàhálà sílẹ̀: wọ́n máa ń fi oúnjẹ lọ èèyàn. Bí mo bá ti wọlé báyìí, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Chacha ni, "O ti jẹun?" Wọn kì í kọ́kọ́ kí mi kú iṣẹ́, wọn kì í béèrè àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ìkíni wọn. Èmi náà á sì fèsì bí ọmọ tí wọ́n kọ́: "Mo ti jẹun, Chacha. Mo ti yó. Ẹ ṣé gan-an ni."

Irọ́ ni o. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé bíi tiwa mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá mi kì í lanu sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá níwájú mi nílé onílé, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ojú ìyá mi. Tí ojú yẹn bá ti ṣẹ́ báyìí, mo ti yó nìyẹn, kódà kí ìfun mi máa bá ara wọn jà. Ọmọ tó bá gbà á, á délé bá ẹgba. Mo ti dàgbà, mo ti la òkun kọjá, irùngbọ̀n ti hù lẹ́nu mi, síbẹ̀ bí Chacha bá ti ní kí n wá jẹun, ṣe ni mo máa ń rí ojú ìyá mi lára ògiri ilé wọn. Ìrẹsì á wà nílẹ̀, ọbẹ̀ ẹja á máa ta sánsán, itọ́ á kún ẹnu mi, màá gbé e mì, màá ní mo yó.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé kì í yó èèyàn. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé kí n máa ra búrẹ́dì àti sàdíìnì, kí n máa jẹ ẹ́ lórí ìjókòó kan níwájú metro kí n tó wọlé. Òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Màá jókòó síbẹ̀, màá máa jẹ búrẹ́dì tó ti le, inú á sì máa bí mi sí òtútù, bí ẹni pé òun ló ní kí n má jẹ ìrẹsì gbígbóná.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ki búrẹ́dì bọnu ni mo gbójú sókè, mo bá rí Chacha níwájú mi, àpò ọjà lọ́wọ́ wọn. Ẹnu mi kún, mi ò lè kí wọn. Wọ́n wo agolo sàdíìnì, wọ́n wò mí, wọ́n sì bá ọ̀nà wọn lọ. Nígbà tí mo wọlé, wọn ò bi mí bóyá mo ti jẹun.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ṣe ni mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, pé ọ̀gbẹ́ni sàdíìnì ti gbà mí sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ẹni tí a jọ ń sun yàrá kan náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri ìlú, tó sì gbọ́ èdè Ítálì ju gbogbo wa lọ, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Chacha ní kí o máa wá ibòmíràn," ló wí. Kò lè wò mí lójú. "Wọ́n ní ẹni tó lè jókòó sínú òtútù torí kó má baà jẹ oúnjẹ wa, kí ló fẹ́ bá wa gbé fún?"

Mo jókòó sórí ibùsùn tí kò ní pẹ́ẹ́ di ti ẹlòmíràn. Oṣù ti fẹ́ẹ́ parí, permesso náà ti fẹ́ẹ́ parí, èmi tí mo sì fi ìwà yangàn, ìwà náà ló fẹ́ lé mi síta. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní sọ pé kò bà mí.

Ìyá Ìjẹ̀bú kan wà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ń ta gaàrí, èlùbọ́ àti irun. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo sá lọ. Mo rò ó fún wọn pátápátá, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fi ọwọ́ di àpò gaàrí mú. Ọmọ wọn obìnrin tó jókòó ti káńtà fi èdè Ítálì bi ìyá rẹ̀ bóyá orí mi pé.

"Ìwọ," ni ìyá náà wí nígbà tí ẹ̀rín fún wọn láyè, "o mọ ìdí tí ìyá ẹ fi ń ṣẹ́jú sí ẹ? Kí ará àdúgbò má baà sọ pé òun ò fún ọmọ òun lóúnjẹ ni. Ìwọ wá lọ jókòó síwájú metro, ò ń jẹ búrẹ́dì, kí gbogbo Brescia lè sọ pé bàbá yẹn ò fún ará ilé rẹ̀ lóúnjẹ. Ta lo wá ń bọ̀wọ̀ fún?"

Mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún oníbàárà tó ń wọlé.

"Lọ bá wọn. Kí o fi ẹnu ara ẹ sọ pé ebi ń pa ẹ́."

"Mà, mi ò lè sọ ọ́."

"Nígbà náà, lọ máa wá yàrá," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú sí oníbàárà mìíràn.

Lójú tèmi, ó rọrùn kí n jalè ju kí n sọ gbólóhùn yẹn lọ. Ọmọ tó bá lanu nílé onílé pé ebi ń pa òun, alájẹkì ni wọ́n á máa pè é títí tí yóò fi gbé ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo wọ ilé ìdáná. Chacha wà nílẹ̀, wọ́n ń gé ẹja lórí ọ̀bẹ wọn kan tó dúró sórí pákó, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n na ọwọ́ tí ìpẹ́ ẹja kún sí mi.

"Dìde, dìde. Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún."

Mo bá lóṣòó. "Chacha," mo ní, "ebi ń pa mí."

"Kí lo wí?"

"Ebi ń pa mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ebi ti ń pa mí."

Wọ́n gbé ẹja ọwọ́ wọn sílẹ̀. Mo wá ṣàlàyé fún wọn, pẹ̀lú èdè Ítálì mi tó ń tiro, pé níbi tí mo ti wá, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í gba oúnjẹ nílé onílé.

"Bí ó bá wá gbà á ńkọ́?"

"Ìyá rẹ̀ á nà án tó bá délé."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tó o tó báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn. Àwọn tó wà níwájú tẹlifíṣọ̀n sáré wá, Chacha sọ ọ́ fún wọn lédè wọn, ilé náà sì dàrú fún ẹ̀rín. Nígbà tó rọlẹ̀, ojú Chacha yí padà. "Ó dùn mí," ni wọ́n wí. "Mo rò pé ẹlẹ́gbin lo kà wá sí." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn ju kí wọ́n lé mi jáde lọ. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n lọ fọwọ́.

Wọ́n bu ìrẹsì fún mi, ó ga bí òkìtì. Egungun inú ẹja náà pọ̀ bí irun. Bí mo ti bu àkọ́kọ́, ó fẹ́ há mi lọ́fun. Chacha fa àwo mi sọ́dọ̀, wọ́n ń fi ìka yọ egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó ẹran rẹ̀ sórí ìrẹsì mi, bí ẹni ń bọ́ ọmọ ọwọ́.

"Nílé yìí, oníkálukú ló ń bu tiẹ̀ tó ń lọ," ni wọ́n wí, wọn ò gbójú sókè. "Ọmọ mi tó máa ń sọ fún mi pé ebi ń pa òun ti di ọkùnrin. Orí fóònù ni mo ti wò ó dàgbà."

Mo jẹun lọ́jọ́ yẹn débi pé mímí ṣòro. Kò sẹ́ni tó tún sọ pé kí n wá ibòmíràn.

Nínú ọ̀sẹ̀ náà la lọ sí Comune. Chacha wọ kóòtù tí wọ́n máa ń wọ̀ fún ọdún. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì gba ìwé wa, ó ń kọ ọ́ lọ, ó wá bi wọ́n pé, "Àlejò yín ni?"

"Rárá," ni Chacha wí.

Obìnrin náà gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Ṣé mọ̀lẹ́bí yín ni?"

"Rárá."

"Bí kì í bá ṣe mọ̀lẹ́bí, àlejò ni, bàbá. Kò sí òmíràn tí mo lè kọ."

"Àlejò kì í wọ ilé ìdáná wá sọ pé ebi ń pa òun," ni Chacha wí. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìwé náà, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa, kọ àlejò. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé irọ́ lo kọ."

Ó kọ ọ́, ó tì í síta lábẹ́ gíláàsì. Chacha mú bírò, wọ́n sì fọwọ́ sí irọ́ náà.