Màámi Ń Gbààwẹ̀, Àjẹsára Dé Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n rò ó fún yín, torí kò tíì kúrò lára mi. Orí Woolwich Ferry ní London níbí ni èmi àti Tọ́mi ọmọ mi wà nígbà tí voice note àbúrò mi wọlé. A ò ń lọ síbì kankan o! Ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi yẹn, mo sì máa ń gbé ọmọ mi wọ̀ ọ́ lọ, kí n tún gbé e wọ̀ ọ́ bọ̀, kí n ṣáà lè jókòó síbi tí èèyàn wà. Láti ìgbà tí bàbá Tọ́mi ti kó jáde, ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé "next please" ti ẹni tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ni àgbàlagbà bá mi sọ látàárọ̀.

Bọ̀dé lorúkọ àbúrò mi. Òun àti Màámi ló ń gbé ní Maiduguri, níbi tí Màámi ti ń ránṣọ láti kékeré wa. Ó ní kọ́lẹ́rà ti bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ó sì ti wọ àdúgbò wa. Àwọn elétò ìlera wá ń fún èèyàn ní àjẹsára lójúlé-lójúlé. Gbogbo ará ilé ló gbà á. Màámi nìkan ló kọ̀.

Kí ló dé? Màámi ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ!

Ẹ̀yin Aládùúrà bíi tèmi, ẹ mọ̀ ọ́n: kò sóúnjẹ, kò sómi, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ọjọ́ kejì la wà yẹn. Àjẹsára yìí kì í sì í ṣe abẹ́rẹ́, mímu ni wọ́n ń mu ún. Bọ̀dé ní ọ̀la làwọn elétò ìlera máa parí àdúgbò wa, wọ́n á sì kọjá síbòmíràn. Kọ́lẹ́rà tó ń fa omi gbẹ lára èèyàn! Ara tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Mo pe Màámi lójú ẹsẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ kọ̀ ọ́?"

"Ṣé mo kọ̀ ọ́ ni? Ká ní abẹ́rẹ́ ni, ǹ bá ti na apá sí wọn. Wọ́n ní kí n la ẹnu! Ẹnu tí mo ti pa dé fún Ọlọ́run? Mo ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ààwẹ̀."

"Wọn ò ní padà wá mọ́."

"Ọlọ́run ò kúrò ńlé ní tiẹ̀."

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n tiẹ̀ ń gbààwẹ̀ lé lórí gan-an. Wọ́n wá ní, "Ìwọ ni. O sunkún lórí fóònù lọ́jọ́sí pé o ò lẹ́nìkan níbẹ̀ yẹn. Mo ní kí Ọlọ́run fún ọ lẹ́nìkan."

Háà! Mo kọjú sódò kí Tọ́mi má baà rí omijé mi. Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ náà? Ẹni tí mo ní láyé ló ń fẹ̀mí ara ẹ̀ wewu torí kí n lè lẹ́nìkan!

Ǹ bá bá wọn jà, ṣùgbọ́n mo mọ Màámi: ohun tí wọ́n bá ti bá Ọlọ́run sọ, wọn kì í já a sílẹ̀. Mo wá ní, "Màámi, ṣebí tèmi ni ààwẹ̀ náà? Ẹ gbé e fún mi. Èmi á parí ẹ̀. Láti ìsinsìnyí títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, mi ò ní fi nǹkan kan ẹnu. Ẹ̀yin ẹ mu àjẹsára yín."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tó o máa ń jí ẹja inú ọbẹ̀ jẹ lọ́jọ́ ààwẹ̀?"

"Mo ti dàgbà, Màámi."

Wọ́n ní, "Má lọ tan Ọlọ́run o."

"Mi ò ní tàn án."

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ẹnu gbígbẹ gbálẹ̀ wárẹ́háùsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Nathan Way. Nígbà tí mo lọ mú Tọ́mi ní nursery, tá a gba Plumstead High Street kọjá, òórùn puff-puff fẹ́ẹ̀ pa mí! Mo ń pe Maiduguri, kò lọ. Bí Màámi bá yí ọkàn padà ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ bi?

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù ni fídíò wọlé. Màámi rèé nínú sùtánà funfun, wọ́n la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ! Nọ́ọ̀sì da ìgò kékeré kan sí wọn lẹ́nu, wọ́n fajú ro bí ẹni tó jẹ ewúro. Wọ́n wá nàka sí mi látinú fóònù: "Mo ti mu ún o. Ìwọ má tíì fọwọ́ kan omi, mẹ́fà ni a jọ sọ!"

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: bí àjẹsára bá dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn yín tí wọ́n kọ̀ ọ́, ẹ má kàn máa pariwo mọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dí wọn lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé ìfẹ́ yín ni! Kí ẹnikẹ́ni má sì torí àjẹsára fi omi sísè àti ọwọ́ fífọ̀ sílẹ̀ o. Bọ̀dé ní àwọn elétò ìlera tẹnu mọ́ ìyẹn dáadáa. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni màá kà. Ilé mi ṣì dákẹ́.

Nígbà tí aago mẹ́fà lù, Tọ́mi fọwọ́ méjèèjì gbé cup ẹ̀ wá, ó ti da ìdajì omi sílẹ̀ lọ́nà. Ó ní ṣé mo lè mu omi báyìí?

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Grandma ti mu tiẹ̀. Ó kan Mummy."