Díìsìkì Inú Ọ̀rá

N kò tọrọ àforíjì nígbà náà, n kò sì ní tọrọ rẹ̀ báyìí.

Ọdún 2004 ni, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Agric, Ìkòròdú. Gíwá ilé ìwé kan, màmá kan tó ti Ẹ̀pẹ́ wá, gbé ìwé ìrántí àwọn ọmọ tó ń jáde wá fún wa pé kí a tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò kún inú rẹ̀ bámúbámú. Bí mo bá ti tò ó dé ìdajì, kọ̀ǹpútà á pa gbogbo rẹ̀ dé lójijì. Ọ̀gá mi ní bí n kò bá parí rẹ̀ kí màmá tó padà sí Ẹ̀pẹ́ nírọ̀lẹ́, òun á fi ẹlòmíràn sídìí kọ̀ǹpútà, kí èmi padà sídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. Ọdún méjì gbáko ni mo ti lò nídìí ẹ̀rọ yẹn. Mo ní láéláé, n kò padà síbẹ̀ mọ́.

Mo mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà. Bí mẹ́mọ́rì rẹ̀ bá kún, àyè kan wà lórí díìsìkì tó ń kó ẹrù tó ṣẹ́kù sí. Súwápù là ń pè é. Mẹ́mọ́rì wa jẹ́ mẹ́gà 128. Ọ̀gá ti gbọ́ níbì kan pé ìlọ́po méjì mẹ́mọ́rì ni súwápù gbọ́dọ̀ jẹ́, ló bá fún un ní 256, kò sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpapọ̀ méjèèjì kò tó 400, ìwé màmá sì ń fẹ́ tó 500; ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń pa á dé. Díìsìkì ògbólógbòó kan ṣoṣo ló sì ń ru iṣẹ́ àti súwápù pọ̀.

Bẹ́ẹ̀, díìsìkì tuntun wà nínú dúrọ́ọ̀ tòun ti ọ̀rá rẹ̀, bí àga pálọ̀ tí wọn kò jẹ́ yọ ọ̀rá lára rẹ̀. Ọ̀gá ní ó di ọjọ́ iṣẹ́ pàtàkì. Inú bí mi. Iṣẹ́ wo ló tún ṣe pàtàkì ju èyí tó fẹ́ fi lé mi kúrò lórí àga?

Bí ọ̀gá ti lọ kí ìrun Alásàrí, mo ya ọ̀rá náà. Mo de díìsìkì mọ́nú kọ̀ǹpútà, mo gé 256 lára rẹ̀ fún súwápù, mo sì fi òun àti ti àtijọ́ sí ipò kan náà, kí kọ̀ǹpútà lè máa pín ẹrù fún àwọn méjèèjì. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ìgbà tí ọ̀gá dé, mo ti kọjá ìdajì. Ó rí ọ̀rá lórí tábìlì.

“Ta ló ya ọ̀rá yìí?”

“Èmi ni, sà.”

“Yọ díìsìkì yẹn kíá!”

“Bí mo bá yọ ọ́, iṣẹ́ màmá bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ wá yọ ọ́ fúnra yín, sà.”

N kò gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Màmá gíwá, tó ti ń dúró de iṣẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, gbójú sókè, ó ń wo ọ̀gá. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹnì kan wọlé, ó ní òun fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì. Mo gbọ́, n kò dìde. Ọ̀gá mi pòṣé, ó gba ìwé lọ́wọ́ onítọ̀hún, ó sì lọ tan ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.