Rólákósítà Onígi Tí Màmá Mi Gùn

Ọmọ mi obìnrin ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ń kó èèyàn lọ sí ọgbà ìṣeré kan létí òkun, ó sì ti rí i lórí fóònù pé rólákósítà àtijọ́ kan wà níbẹ̀, tí wọ́n fi igi kọ́ látòkè délẹ̀, tí ọkọ̀ kékeré ń gùn lọ sókè tí á sì já wálẹ̀ wìì. Ojoojúmọ́ ló fi ń yọ mí lẹ́nu. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ọsibítù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Woolwich Common nílùú òyìnbó níbí. Oorun ni mo fẹ́ fi ọjọ́ ìsinmi mi sùn.

"Mummy, you promised," ló ń wí ṣáá. Mo gbà.

Màmá mi tí wọ́n wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde ní àwọn náà á lọ, pé àwọn ò lè jókòó ti ògiri ilé wa ní Thamesmead nìkan.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ká tètè dé Harrow Manorway, ibi tí bọ́ọ̀sì á ti gbé wa. A tètè dé. Àwọn tó ní ká tètè dé gan-an la wá ń dúró dè, títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Nígbà tá a dé ọgbà, òjò ń ṣẹ́, ìlà àwọn tó fẹ́ gun rólákósítà sì gùn débi pé a ò rí iwájú rẹ̀. A tò. Ó kù díẹ̀ kó kàn wá ni ọmọ mi gbójú sókè wo àwọn igi tí wọ́n ń dún kẹ́kẹ́kẹ́.

"Mummy, I'm not doing it."

"O ò ṣe kí ni?"

"Ó ń mì. Ẹ wò ó."

Màmá mi bá fà mí lọ́wọ́. "Tí kò bá lọ, àwa ńkọ́? Jẹ́ ká lọ."

"Màmá, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru ò gbọdọ̀ gùn ún."

"Àná lo wọn tèmi. O ní ó dáa ju tìẹ lọ."

Òótọ́ ni. Bí mo ṣe bá ara mi lórí ìjókòó nìyẹn, tí wọ́n fi irin há itan wa mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà rọra ń gun òkè. Mo rí òkun, mo rí ọmọ mi nísàlẹ̀ tó gbé fóònù sókè, lẹ́yìn náà ilẹ̀ yọ́ kúrò lábẹ́ wa. Gbogbo orúkọ tí Ọlọ́run ń jẹ́ ni mo pè. Màmá mi fi ọwọ́ kan di gèlè mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ń jù sókè.

Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, màmá mi tún gèlè wọn wé.

"Ó ti tán náà nìyẹn?" ni wọ́n wí. "Jẹ́ ká tún tò."

A tún tò.

Inú bọ́ọ̀sì la wà tá à ń padà bọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Èkó. Ọmọ mi ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.

"Ṣé orí ẹ pé? O gbé ìyá arúgbó gun irú nǹkan yẹn?"

"Bọ̀dá mi, àwọn fúnra wọn ni..."

"Nọ́ọ̀sì lò ń pe ara ẹ o."

Mo gbé fóònù fún màmá mi kí wọ́n lè gbà mí sílẹ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀, ohùn wọn sì yí padà, ó wá tín-ín-rín bíi ti ẹni tó ń ṣàìsàn.

"Ọmọ mi, kí ni kí n ṣe? Òun ló ní ká lọ. Ilé ẹ̀ ni mò ń gbé, ṣé mo lè kọ̀?"

Lẹ́yìn wa, ọmọ mi kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Màmá mi dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní kí n bá àwọn wá ẹran sí i nínú kúlà oúnjẹ tá a gbé dání. Bọ̀dá mi ṣì wà lórí fóònù, wọ́n ń dúró de àlàyé. Ó ti rẹ̀ mí jù láti ṣàlàyé. Mo pa fóònù, mo sì dìde lọ wá ẹran.