Ọkọ Mi Tó Wà ní Uso

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan wà ní Uso, létí títì tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀, òórùn gẹdú tútù àti ti pólíìṣì ni yóò kọ́kọ́ kí mi. Àbúrò ọkọ mi ló ni ín. Ìwọ náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé, ó ṣì ń jókòó lórí itan mi jẹ ẹ̀wà, eyín rẹ̀ funfun báláú, mo sì sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Ọkọ mi ló ti jẹ́ láti ọjọ́ náà, òun náà sì ń pè mí ní "ùyàwó mi", bí a ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó dàgbà, Eyínfúnjowó yẹn náà ló kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Láàárọ̀ Sátidé, kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń kí díẹ̀ lára àwọn èèyàn mi. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Mo kí ọkọ mi, Eyínfúnjowó, káfíńtà pàtàkì ní Uso." Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí. Èmi jù tèmi sílẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀.

N kò mọ̀ pé ẹnì kan ti kọ ìtàn ìgbésí ayé mi sínú ìwé ìmọ̀ orí ayélujára kan, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Kò bi mí. Ọjọ́ ìbí mi, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí níbi iṣẹ́, wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀. Wọ́n tún wá kọ ọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Eyínfúnjowó, káfíńtà ní Uso, ni ọkọ mi, wọ́n sì lẹ fọ́tò òun àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọkọ mi gan-an, ẹni tó gbé mi níyàwó, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ǹ bá bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Eyínfúnjowó ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Imeri, ọjọ́ ìdána sì ti sún mọ́lé. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà, tó jẹ́ tíṣà, tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn sórí fóònù rẹ̀, ohun tó sì bá pàdé ni pé àna wọn ti níyàwó nílé. Wọ́n dá ìdána dúró.

"Ùyàwó mi, ẹ bá mi pa á rẹ́ o," ni káfíńtà wí lórí fóònù. "Wọ́n ní òpùrọ́ ni mí."

Mo pa á rẹ́. Kí n tó mu omi tán, ó ti padà. Mo tún pa á rẹ́, ó tún padà. Ẹni tó ń ṣọ́ ojú ìwé náà wá kọ̀wé sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyẹn ló tilẹ̀ bí mi nínú jù, pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ara mi, kí n mú ẹ̀rí wá láti ibòmíràn. Mo ní èmi tí ẹ kọ nípa rẹ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Ẹnu yín náà la ti gbọ́ ọ." Ẹ gbà mí! Ẹni tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé mi ń kọ́ mi ní ọkọ tí mo fẹ́. Àbí kí n gbé bẹ́ẹ̀dì mi wá jẹ́rìí ni?

Èmi àti ọkọ mi gan-an bá wọkọ̀ lọ sí ilé àwọn ọmọbìnrin náà ní Imeri. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi ọjọ́ náà lórí rédíò, tí mo gbà sórí fóònù. Tíṣà mi orí. "Ẹ̀yin náà lẹ pè é ní ọkọ yín," ni ó wí.

Ìyá bàbá rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbé àwo sílẹ̀.

"Ìwọ, kí ni mo ń pè ọ́ láti kékeré?"

Tíṣà wolẹ̀. "Ọkọ mi ni, Màmá."

"Ó dáa. Ọjọ́ wo la ṣègbéyàwó?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé, tíṣà fúnra rẹ̀ ló sì gbé mi dìde. A ṣe ìdána náà, ìyàwó ti wà ní Uso báyìí.

Àwọn onígbèéraga orí ayélujára wọ̀nyẹn náà tún un ṣe nígbà tó yá. Wọ́n kọ ọ́ pé ọkọ mi àtijọ́ ni. Ó sú mi, mo fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò kí ẹnikẹ́ni lórí rédíò mọ́, bọ́ọ̀lù nìkan ni mò ń sọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, káfíńtà pè mí. "Ùyàwó mi, ẹ ò kí mi mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Wọ́n gba ọjọ́ ìbí mi, ó dùn mí, ṣùgbọ́n ta ni kì í dàgbà? Ọ̀rọ̀ ilé wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ni n kò lè dárí jì wọ́n. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́, mo wo ẹ̀yìn wò, kí n tó rọra sọ ọ́ sínú fóònù bí olè: "Mo kí ọ, ọkọ mi."