Ọ̀kẹ́ Méjìdínlógún Ó Dín Ẹyọ Kan

Òórùn ẹ̀wù òtútù tí òjò pa ló máa ń kún kíláàsì wa ní Woolwich nílùú òyìnbó nírọ̀lẹ́, nítorí orí rédíétọ̀ tó ń mú yàrá gbóná ni gbogbo wa ń sá wọn sí. Láti Yarnton Way, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ni mo ti máa ń lọ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa dùn mí, ṣùgbọ́n ó wù mí kí n di tíṣà ìṣirò, ọ̀rẹ́ mi, ó wù mí gan-an ni. Ẹnì kan ṣoṣo sì ni olùkọ́ wa máa fà kalẹ̀ fún kọ́ọ̀sì tíṣà lọ́dún yẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ kọ 359,999 sójú bọ́ọ̀dù. Ó ní ṣé a lè rí nọ́ńbà méjì tí a máa sọ di púpọ̀ kó fi jẹ́ iye yẹn, àbí nọ́ńbà tí kò gba pínpín rárá ni. Làwọn yòókù bá gbé ẹ̀rọ ìṣirò, wọ́n ń fi mẹ́ta dán an wò, wọ́n ń fi méje. Èmi kà á bí ìyá mi ṣe máa ń ka iye ńlá: ọ̀kẹ́ méjìdínlógún ó dín ẹyọ kan. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ méjìdínlógún sì rèé, ẹgbẹ̀ta lọ́nà ẹgbẹ̀ta ni, 600 lọ́nà 600. Tí ẹyọ kan bá wá dín níbẹ̀, à á fi ẹyọ kan sún ẹgbẹ̀ta kan sẹ́yìn, à á fi ẹyọ kan sún èkejì síwájú: 599 àti 601. Àwọn méjèèjì ò sì gba pínpín mọ́. Mo nawọ́, mo sọ ọ́.

“Ìwọ lo kọ́kọ́ dé lónìí,” ni olùkọ́ wí. “O ti yọjú wo ìwé mi lórí tábìlì.”

Mo ṣàlàyé kíkà wa fún un. Ó yíjú sí Uncle kan, ará Ìjẹ̀bú, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó máa ń jókòó tì mí, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á nílé lóòótọ́. Uncle tí òun pẹ̀lú mi jọ fi kíka ọ̀kẹ́ ṣeré lórí pápá Plumstead Common lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, tó tún borí mi!

“Rárá, sà,” ló wí. “Bí ẹ ṣe ń kà á náà la ṣe ń kà á.”

Bí mo ṣe di olè lójú gbogbo kíláàsì nìyẹn. Orúkọ ẹlòmíràn ni olùkọ́ fà kalẹ̀.

Uncle bá mi ní ibùdókọ̀. “Auntie, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni.”

“Ẹ ṣeun, Uncle. Èmi nìkan ni wọ́n wá fi ṣe é.”

Mi ò bá a wọ bọ́ọ̀sì. Mo fẹsẹ̀ rìn dé etí adágún Southmere nínú òjò, inú ń bí mi débi pé mi ò mọ̀ pé omi ti kún bàtà mi.

Mo padà di tíṣà níbòmíràn, ṣùgbọ́n má sọ fún mi pé kí n gbàgbé. Olùkọ́ yẹn ò mọ̀ wá, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Uncle mọ̀. Bí gbogbo ayé bá tú nọ́ńbà yẹn wò, 599 àti 601 náà ni wọ́n máa bá níbẹ̀, wọn ò ní í bá òmíràn, ì báà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kà á, ì báà jẹ́ Yorùbá. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni nọ́ńbà yẹn ti ń jẹ́rìí mi. Nọ́ńbà ò sẹ́ mi. Ẹni tó jókòó tì mí ló sẹ́ mi.