Fótò Tí Ìdílé Wa Sin

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ìyá mi kọ́kọ́ fẹ́. Àwọn Faransé mú un lọ jagun ní Ìndóṣíìnì, ní ilẹ̀ Éṣíà, kò sì padà wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú wa, mọ́. Ìjọba kò sọ pé ó kú, wọn kò sọ pé ó yè. Fótò kan ló sọ ọ́. Olùkọ́ kan mú ìwé ìròyìn Faransé wá láti Kùtọnú, ìyá mi sì rí ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó nà gbalaja nínú ẹrẹ̀ oko ìrẹsì, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ hàn kedere. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Nítorí pé kò sí irun, kò sí èékánná rẹ̀ tí wọn ì bá sin dípò òkú, wọ́n gé ojú ìwé náà, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀yìn ilé. Wọ́n fá orí ìyá mi. Nígbà tó bọ́ aṣọ opó, bàbá mi ṣú u lópó, wọ́n sì bí mi. Lórí ojú ìwé ìròyìn kan ni ìdílé wa dúró.

Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé fótò náà lókìkí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo rí i nínú ìwé ńlá kan nípa ogun. Wọn kò kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi sí i. Orúkọ ẹni tó ya á ni wọ́n kọ gàdàgbà. Mo rò pé ìwọ̀sí náà ti tó.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọnú fi fótò mìíràn ránṣẹ́ sórí pọ́tábù, fóònù alágbèéká mi. Wọ́n rí i nínú ẹrù ayafótò náà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Oko kan náà, ọkùnrin kan náà, ilà kan náà. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ẹrẹ̀ bò ó, ó ń mu sìgá, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi pè mí. "Màmá, àwọn ọ̀mọ̀wé ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀. Àwọn kan ní ó jókòó sinmi kí wọ́n tó pa á. Àwọn kan ní ayafótò ló ní kó dùbúlẹ̀, pé ó dìde nígbà tí wọ́n yà á tán."

Wọ́n ti gé fíìmù tí fótò méjèèjì wà lórí rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ṣáájú. Mo ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé náà kọ. Ọ̀kan nínú wọn ní bó kú, bó yè, fótò náà ṣì sọ òótọ́ nípa ogun. Mo ṣépè fún un. Bó kú, bó yè? Ṣé orí ìyá tiẹ̀ ni wọ́n fá? Ohun tó bá dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ǹ bá má fi í han ìyá mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí tó ń bó ẹ̀gúsí, ó sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ.

"Gbé e wá kí n rí i."

Ó wò ó títí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ojú ìwé yẹn, kò tíì rí ojú ọkùnrin náà mọ́.

"Eyín ẹ̀ nìyí," ó ní. "Mo ti gbàgbé eyín ẹ̀." Ó sún un mọ́ ojú. "Ṣé ó dìde?"

"Wọn ò mọ̀, Ìyá."

"Bó bá dìde, ó mọ ọ̀nà ilé. Kí ló dé tí ò wá bá mi?"

Ó dá pọ́tábù padà fún mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, arúgbó tí n kò rí omijé rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi. Nínú mi, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkùnrin yẹn ti kú, nínú ẹrẹ̀ yẹn, lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó jẹ́ pé ikú ló gbà á lọ́wọ́ ìyá mi.