Bébà Tí Kinue Lẹ̀ Mọ́ Ọrùn Shamisen

Ní Tokushima, nílẹ̀ Japan, bí ìkòkò aró bá ya olórí kunkun tí aró inú rẹ̀ kò jí, Kinue ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Yóò ti ìka bọ̀ ọ́, yóò tọ́ ọ wò, yóò ní, "Ẹ fi eérú díẹ̀ kún un." Ó parí. "Kinue mọ kandokoro," làwọn aládùúgbò máa ń wí. Ibi tí ìka ń tẹ̀ lórí okùn shamisen, ohun èlò orin olókùn mẹ́ta, kí ohùn tó jáde bó ṣe yẹ ni kandokoro, àmọ́ ayé ti gbé e kúrò nídìí orin. Ẹni tó bá ti mọ ojú ibi tí nǹkan wà, ó mọ kandokoro nìyẹn.

Ìyìn yẹn gan-an ló ń bí Kinue nínú. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń kọ́ shamisen lọ́dọ̀ Ìyá Masue, kandokoro ti shamisen fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀! Ọrùn shamisen ń dán, kò ní àmì kankan. Etí ni wọ́n fi ń wá ibi tí ìka yóò tẹ̀. Ìyá Masue sì ti darúgbó, ó fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pa. Ẹni tó bá ta orin rẹ̀ láìṣàṣìṣe níbi àpéjọ ìkẹyìn ni yóò fún lórúkọ olórin.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Kinue bẹ̀ ẹ́, "ẹ kúkú fi ibẹ̀ hàn mí."

"Ta ló fi ti aró hàn ẹ́?"

Kinue fi ìbínú délé. Ó gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ó fa ìlà sí i níbi tó yẹ kí ìka dé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọrùn shamisen. Oṣù kan gbáko ni orin fi dùn.

Lọ́jọ́ àpéjọ, Tomizo tó ń ta tófù pariwo láti iwájú, "Ìyá Aláró, ẹ rọra o, ẹ má pa wá láró!" Kinue rẹ́rìn-ín. Ó ki igi kékeré tó ń gbé okùn sókè padà bọ abẹ́ okùn, torí wọ́n máa ń yọ ọ́ bí wọ́n bá fẹ́ gbé shamisen jáde nílé, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ohùn àkọ́tẹ̀ lọ sókè jù. Èkejì náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Etí rẹ̀ sọ fún un kedere pé kó sún ìka sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìlà. Ṣebí orí ìlà ló wà! Ó tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ro ó. Tomizo dorí kodò.

Nígbà tó ta á tán, Ìyá Masue fi ìka wọn ibi tí igi náà wà.

"O ki igi náà sókè jù. Bí igi yìí bá ṣípò, kandokoro náà á ṣípò."

"Mi ò mọ̀, mà."

"Irọ́. Mo rí i bójú ẹ ṣe yí padà níbi ohùn àkọ́kọ́. O gbọ́ ọ. Etí tí mo ti ń wá lára ẹ lọ́dún mẹ́jọ, o ti ní in, Kinue. Bébà lo wá gbà gbọ́."

"Ẹ jẹ́ n tún un ta, mà. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Omi lé ròrò lójú arúgbó náà.

"Àpéjọ ti tán."